Ìka Rẹ Kọ́ Ló Já Elégédé Wa

Wúràọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Jídé ọkọ rẹ, mo sì kí ìyá rẹ̀ tí ẹ jọ ń gbé ní Ìlógbò. Mo gbàdúrà pé kí oyún inú rẹ má fún ọ ní wàhálà. Ara tèmi le níhìn-ín. Oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ yìí kò burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyán wọn kò dà bí ti ìyá rẹ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ láàárọ̀ àná. Orí ìdúró ni mo ti kọ́kọ́ kà á, mo tún wá ibi jókòó kà á. Láti ìgbà náà ni n kò ti lè wojú ẹnikẹ́ni dáadáa. O ní àwọn ọmọ elégédé rẹ ń di rúsúrúsú kí wọ́n tó tóbi tó ẹyin adìẹ, tí wọ́n sì ń já. O ní ìyá ọkọ rẹ ti gbọ́ orúkọ tí wọ́n fi ń pè ọ́ ní kékeré ní Aramọkọ, ó sì ti fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún ọ pé kí o má dé oko náà mọ́, kí ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ gba ìtọ́jú rẹ̀. O ní Jídé ti yá pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fín kòkó, pé ní Sátidé ni yóò fín oògùn sí gbogbo oko náà nítorí àwọn kòkòrò tó rí nínú òdòdó. Lẹ́yìn gbogbo èyí lo wá kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ ìwé: "Bàbá, n kò na ìka sí wọn o. Ṣùgbọ́n bóyá ojú mi náà ti di ìka."

Ọmọ mi, ojú rẹ kò di ìka. Ìka rẹ pàápàá kò ṣe nǹkan kan rí. Èmi ni mo já elégédé wa lọ́dún tí wọ́n fún ọ ní orúkọ náà. Mo fẹ́ kọ ọ́ kedere kí n tó kọ ohun mìíràn, nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá pẹ́ lórí ìkíni, n óò wá ọ̀nà yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró. Jọ̀wọ́, bí o bá ti ka ibí yìí, lọ bá Jídé, kí o ní mo bẹ̀ ẹ́, kó má fín oògùn náà ní Sátidé. Kó gbé pọ́ǹpù náà kalẹ̀ ná títí ẹ ó fi ka lẹ́tà yìí tán. Bí ó bá fín in, ọdún tèmi ni yóò tún ṣẹlẹ̀ sí yín, ìwọ ni wọn ó sì tún dá lẹ́bi.

N óò sọ bí ó ṣe rí. Bóyá o kò mọ gbogbo rẹ̀, nítorí o kéré, àwọn ibi tó burú jù níbẹ̀ kò sì ṣojú rẹ.

Oko wa tó wà lọ́nà Ìkògósí, o rántí igi ńlá tó wà létí rẹ̀, tó ní ihò láàárín? Oyin ló ń gbé inú ihò náà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan ta ìyá rẹ lójú, ojú náà wú bí àkàrà. Inú bí mi. Nírọ̀lẹ́, mo kó imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ jọ, mo tiná bọ ihò igi náà, mo sun wọ́n. Mo gbé afárá wálé, gbogbo ilé lá oyin, àwọn aládùúgbò sì ń kí mi: "Ọkùnrin ni Bàbá Wúrà!" Èmi náà gbà pé ọkùnrin ni mí.

Lẹ́yìn náà ni elégédé wa bẹ̀rẹ̀ sí í tanná. Ó ta lọ títí ó fi bo ẹ̀bá ọ̀nà, ìyá rẹ ń já gbọ̀rọ̀ rẹ̀ sebẹ̀. Láàárọ̀, mo máa ń rí kòkòrò díẹ̀ tí wọ́n ń wọnú òdòdó, tí wọ́n ń yí gbiri nínú rẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń jẹ ẹ́ run ni. Mo ní oògùn kòkó tó ṣẹ́ kù nílé. N kò bi ẹnikẹ́ni. Mo rọ ọ́ sínú pọ́ǹpù, mo sì ń fín in láàárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí òdòdó ṣí sílẹ̀, mo ń tọ́ ọ sí inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fún ọmọ lágbo. Nígbà tí n kò rí kòkòrò kankan mọ́, mo yin ara mi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ elégédé bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ìyá mi wá wo oko náà, ó gbá ọwọ́ mọ́ra, ó ní: "Ta ló na ìka sí wọn?"

Ọmọ ilé kejì ló kígbe pé: "Wúrà ni! Ó ní kí n wá wo ọmọ elégédé, ó sì nà án báyìí!" Bó ti ń sọ ọ́, òun náà na ìka sí èyí tó wà níwájú rẹ̀. Ìyá mi yí sí i: "Ìwọ náà ti nà án, aláìgbọ́n! Gé ìka rẹ jẹ kíá!" Ọmọ náà ki ìka bọ ẹnu, ó gé e jẹ, ó bú sẹ́kún. A fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìwọ kò mọ̀ pé o ti ṣẹ̀, nítorí náà o kò gé tìrẹ jẹ. Ohun tí wọ́n fi dá ọ lẹ́bi nìyẹn.

Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa: ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọ elégédé han ẹlòmíràn, kó ká ìka rẹ̀ kò, kó fi ìkúùkù júwe rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò já, àfi bí ó bá gé ìka náà jẹ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún èmi náà. Kò sí ẹni tó bi wá léèrè ohun tí a rí. Mo ya etí aṣọ àlòkù kan, mo wé e mọ́ ìka ọ̀tún rẹ, mo dì í pinpin, mo ní o kò gbọ́dọ̀ tú u títí a ó fi kórè. O wo ìka náà, o sì bi mí pé: "Bàbá, ṣé mo lè fi í jẹun?"

Ìbéèrè yẹn kò kúrò létí mi láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà rẹ.

Ìka tí a dì náà lo gbé lọ sódò, òun lo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun lo sì fi ń di ṣọ́ọ̀kì mú nílé ìwé. Àwọn ọmọdé ń tò tẹ̀ lé ọ, wọ́n ń pariwo pé: "Oníka ń bọ̀, ẹ bo elégédé yín!" Mo gbọ́ ọ lójúde wa. Mo lè lé wọn. N kò lé wọn, Wúrà. Mo rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ, ọ̀kan nínú àwọn ará Ìlógbò bi ọ́ pé ta ni ìyá rẹ nínú àwọn tó jókòó. Ìgbọ̀nwọ́ lo fi júwe rẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé ìtìjú ìyàwó ni. Èmi mọ ohun tó jẹ́, mo sì yíjú sí ibòmíràn.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wá mọ òtítọ́. O mọ̀ pé nígbà tí wọ́n ní àwa àgbẹ̀ tó ti jáde ilé ìwé lè wá kọ́ṣẹ́ níhìn-ín, inú yín dùn sí mi ju bí inú mi ti dùn lọ. Ọdún kìíní ni mo wà, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí mo lè bí. Ẹ̀yìn ni mo ń jókòó. Àwọn tó wá láti ọ̀nà Ọ̀yọ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí mo ṣì ń pe ilé ní "ulé." Ìdánwò tó kọjá kò dára fún mi, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọn ó dá mi padà sílé kí ọdún tó parí. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ wa béèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló fà á tí ọmọ elégédé fi ń já kó tó dàgbà, mo ní ọjọ́ mi dé. Èmi ni àgbẹ̀ láàárín wọn. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sókè.

Mo ní: "Ẹnì kan ló na ìka sí i, sà."

Kíláàsì náà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níwájú mi yíjú padà, ó na ìka méjì sí mi, ó ní: "Bàbá, ẹ rọra o, kí ẹ má já!" Mo jókòó. Mo ń wo ìwé mi bí ẹni ń kà, n kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan.

Olùkọ́ wa kò rẹ́rìn-ín. Kò tó mi lọ́jọ́ orí, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi. Ó ní: "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó." Ó kó wa lọ sí oko ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní elégédé ń yọ òdòdó akọ àti abo lórí ìtàkùn kan náà. Akọ dúró lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́búlẹ́bú rúsúrúsú sì wà láàárín rẹ̀. Abo ní ọmọ elégédé kékeré lábẹ́ rẹ̀ kó tó ṣí rárá. Ọmọ náà ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí lẹ́búlẹ́bú akọ kò bá dé àárín abo ní òwúrọ̀ tí ó ṣí, kò ní dúró. Yóò di rúsúrúsú, yóò já. Atẹ́gùn kò lè gbé lẹ́búlẹ́bú náà, nítorí ó wúwo, ó sì lẹ̀. Oyin ló ń gbé e. Nígbà tí oyin bá ń yí gbiri nínú akọ láti wá oúnjẹ tirẹ̀, lẹ́búlẹ́bú náà á lẹ̀ mọ́ ọn lára, á sì gbé e dé inú abo.

Yíyí gbiri yẹn ni mo rí lóko wa, ọmọ mi. Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ni mo ń fín lóògùn.

N kò gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ olùkọ́ pé kó jẹ́ kí n dán an wò. Nírọ̀lẹ́, mo fi àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo àwọn abo òdòdó kan tí yóò ṣí lọ́jọ́ kejì, kí oyin má lè wọ̀ wọ́n. Mo fi àwọn mìíràn sílẹ̀ láìbò. Àwọn tí mo bò, n kò na ìka sí wọn rárá, mo ká ọwọ́ mi kò bí ìyá mi ti kọ́ mi. Àwọn tí n kò bò, ní àràárọ̀ ni mo ń lọ na ìka sí wọn gbọnrangandan. Ojú ń tì mí, mo máa ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀.

Àwọn tí mo bò já tán. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo na ìka sí ni wọ́n dàgbà.

Mo dúró láàárín oko náà, mo wo ìka mi, mo sì rántí aṣọ tí mo dì mọ́ tìrẹ. N kò lè padà sí kíláàsì lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún wọn pé inú ń run mí.

Ó yẹ kí n ti kọ̀wé sí ọ láti ìgbà náà. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, pé o ti wọlé ọkọ, pé o ti gbàgbé. Àfi ìgbà tí lẹ́tà rẹ dé. Ìmọ̀ràn tí n óò fún ọ nìyí. N kò mọ nǹkan púpọ̀, mo sì tún lọ bi olùkọ́ kí n tó kọ ọ́, kí n má baà tún ṣì ọ́ lọ́nà.

Lákọ̀ọ́kọ́, oògùn Jídé. Sọ fún un pé kó kọ́kọ́ wo kòkòrò tó rí dáadáa. Èyí tó ń jẹ ewé yàtọ̀ sí èyí tó ń wọnú òdòdó tó sì ń jáde. Èyí tó ń jẹ ewé, ẹ lè máa fi ọwọ́ ṣà á, bí kò bá pọ̀. Bí ó bá pọ̀ débi pé kò sí ọ̀nà mìíràn, kó bi àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ léèrè oògùn tó yẹ nǹkan jíjẹ, nítorí ti kòkó kì í ṣe fún ọbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kó sì fín in, nígbà tí òdòdó ti pa ẹnu dé tí oyin ti lọ sílé. Kó má fín in sínú òdòdó láéláé.

Ìkejì, ẹ má ro gbogbo etí oko mọ́ féfé. Mo mọ̀ pé ìyá ọkọ rẹ fẹ́ràn oko tó mọ́, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi igbó díẹ̀ tó ń tanná sílẹ̀ létí rẹ̀, nítorí oyin ń jẹun ní gbogbo ìgbà, kì í ṣe ìgbà tí elégédé bá tanná nìkan. Bí ẹ bá rí ilé oyin nítòsí, ẹ má sun ún. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé, kí ẹ sì jìnnà sí i.

Ẹ̀gúsí tí o gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà kò yàtọ̀. Akọ àti abo lòun náà ní. Bí lẹ́búlẹ́bú kò bá tó, ó lè so kó sì dàgbà, ṣùgbọ́n nígbà tí o bá pa á, wàá bá èpo tí kò ní ọmọ nínú. Elégédé náà lè wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ tí kò rí lẹ́búlẹ́bú gbà á sún kì. Nígbà tí mo ń gbé irú rẹ̀ wálé tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ni mo máa ń bú.

N kò sọ pé gbogbo èyí tó bá já ni àìsí oyin fà. Bí òjò bá rọ̀ jù, ó lè já. Bí ìtàkùn kan bá gbé ọmọ ju agbára rẹ̀ lọ, yóò jù díẹ̀ nù. Nítorí náà má ṣe bá ẹnikẹ́ni ta á pé kò ní sí èyí tó máa já.

Èyí tó ṣòro jù ni ti ìyá ọkọ rẹ. Má gbé lẹ́tà mi tọ̀ ọ́ lọ bí ẹni gbé ìwé ẹjọ́. Má sọ fún un pé, "Bàbá mi ní irọ́ ni." Ohun tí wọ́n kọ́ òun náà ló ń sọ, bí ó ti rí fún mi, wọ́n sì ti fi mí rẹ́rìn-ín níwájú kíláàsì: n kò fẹ́ kí ojú tì í bẹ́ẹ̀. Kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá mi, ẹ bá mi dé oko lẹ́ẹ̀kan péré kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ mi." Bí ó bá bi ọ́ pé ṣé bàbá rẹ ti di òyìnbó ni, rẹ́rìn-ín, kí o ní rárá, ẹ̀yìn kíláàsì ló ṣì ń jókòó sí.

Ẹ lọ kí oòrùn tó mú, nígbà tí òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Fi akọ hàn án, fi abo hàn án. Já akọ kan, ya ewé òdòdó rẹ̀ kúrò, kí o fi lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ra àárín abo pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó kàn án yí ká. Bí akọ bá pọ̀, lo ju ẹyọ kan lọ fún abo kan. Jẹ́ kí ìyá náà ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Fi òwú so ọ̀pá àwọn tí ẹ bá ṣe, kí ẹ lè dá wọn mọ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ mélòó kan, títí oyin yóò fi padà sí oko yín.

Mo fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ lọ́rì kan tó ń lọ sí Ẹfọ̀n. Ó ṣèlérí pé òun yóò fi í sílẹ̀ fún ìyá rẹ ní Aramọkọ, ìyá rẹ yóò sì gbé e dé Ìlógbò. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní dé kó tó di Sátidé. Bí oògùn bá ti wọlẹ̀ kó tó dé, má sọ̀rètí nù: fi ọwọ́ rẹ ṣe iṣẹ́ oyin bí mo ti kọ ọ́, kí Jídé má sì fín in mọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe já nǹkan kan jẹ níbẹ̀ títí ẹ ó fi béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀, nítorí oyún inú rẹ.

Ọmọ tó wà nínú rẹ yóò jáde, yóò máa na ìka sí gbogbo nǹkan bí àwọn ọmọdé ti ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dì í níka, ìbáà ṣe èmi, má gbà.

Wúrà mi, mo ti ní àkókò láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ láti ọjọ́ pípẹ́, n kò ṣe é. Mo tọrọ rẹ̀ nísinsìnyí. N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o sọ pé kò sí nǹkan, nítorí nǹkan wà. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe fún mi. Nígbà tí ìwọ àti ìyá ọkọ rẹ bá parí iṣẹ́ láàárọ̀ náà, yan ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ fi òwú so. Má fi ìgbọ̀nwọ́ júwe rẹ̀, má ká ọwọ́ rẹ kò. Na ìka ọ̀tún rẹ sí i níwájú ìyá náà, kó gùn tán, kí ẹ sì jọ máa wò ó bí ó ti ń dàgbà.

Èmi ni bàbá rẹ, tó di aṣọ mọ́ ọ níka, tó ń bẹ̀ ọ́ pé kí o tú u.